Ojúlówó àti Àfirọ́pò Nínú Ẹ́ńjìnnì 504: Ọ̀rọ̀ Ádímínì Lọ́jọ́ Àìkú

Ádímínì yín ni, láti Iyaro. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi, àwọn tó ń pe èrò sọ́kọ̀ ni, ẹ má bínú.

Ẹnìkan nínú wa béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun fẹ́ ra Peugeot 504 àtijọ́, báwo lòun ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ojúlówó. Mo ní kó fún mi láyè díẹ̀, torí ìtàn wà nínú ìbéèrè yẹn. Ẹni tí kò mọ ìtàn ọkọ̀, irin lásán ló ń wò.

Ní 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní Faransé. Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ inú rẹ̀, XM ni wọ́n ń pè é, 1,796 cc ni. Ní 1970 wọ́n mú èyí tó jù ú lọ wá, XN1, 1,971 cc. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni fífẹ̀ sílíndà: ti XM jẹ́ mìlímítà 84, ti XN1 jẹ́ 88. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ níbẹ̀.

Ní 1972 ìjọba àpapọ̀ wa bá Peugeot ṣe àdéhùn, nígbà tó di 1975 ilé iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kàdúná. Ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Murtala nínú Mercedes ní February 1976, ìjọba Ọbásanjọ́ ní kí àwọn ọ̀gá ìjọba jáwọ́ nínú ọkọ̀ olówó ńlá, kí wọ́n máa gun 504. Low profile ni wọ́n pe ètò náà. Bẹ́ẹ̀ ni 504 ṣe di ọkọ̀ ọ̀gá, ó tún di ọkọ̀ èrò. Èyí tó gùn lẹ́yìn, tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, òun ló ń ná Benin sí Èkó, Benin sí Onitsha. Ẹ bi àwọn àgbà awakọ̀ wò.

Nígbà yẹn, páàtì tuntun wà. SAP ló yí nǹkan padà ní 1986. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà kan. Nígbà tó fi máa di 1987, ó ti di nǹkan bíi náírà 4. Páàtì tó ń ti òkè òkun wá di ọ̀wọ́n gógó. Kí ni awakọ̀ fẹ́ ṣe? Ó ra tòkunbọ̀, èyí tí àwa ọlọ́jà ń pè ní Belgium. Tàbí ó ra Taiwan. Tàbí kó lọ tú u lára ọkọ̀ tó ti kú. Bí a ò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ kò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹlẹ́bọ pé àdán ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ mi òní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ra Camaro àti Chevelle àtijọ́ kì í fi ẹnu olùtajà ṣe ẹ̀rí. Wọ́n á wá déètì tí wọ́n dà mọ́ irin bulọ́ọ̀kù. Ní ti Chevrolet, lẹ́tà ló dúró fún oṣù: A ni January, B ni February, títí dé L. Bí ọkọ̀ bá jáde ní March, tí bulọ́ọ̀kù inú rẹ̀ wá jẹ́ ti June ọdún kan náà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ́ńjìnnì kò lè kéré lọ́jọ́ orí ju ọkọ̀ tó bá jáde láti ilé iṣẹ́.

Ó ti kan ti 504 wa. Àkọ́kọ́, ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kó o dúró níwájú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì 504 kì í dúró ṣánṣán, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní dígírì 45. Bí o bá rí i tó nàró, ti ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n gbé síbẹ̀. Èkejì, wo púlọ́ọ̀gì. Ti 504 jìn sínú ihò, orí rẹ̀ gùn wọlé. Ẹ̀kẹta, fáànù. Ọ̀pọ̀ 504 ló wá pẹ̀lú fáànù tí mágínẹ́ẹ̀tì ń dì mú nígbà tí omi bá gbóná, tó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tó bá tutù. Àwọn mẹkáníìkì wa ti fi bóòtù dè é pa lára ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ̀kẹrin, kábúrétọ̀: wá orúkọ Solex lára rẹ̀. Mo ti rí ti Toyota lórí 504 ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ̀karùn-ún ló le jù: sílíìfù. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, sílíìfù ṣeé yọ, omi ló yí i ká. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì náà fi ń pẹ́ láyé, òun náà ló sì mú kó rọrùn láti da ti ibí pọ̀ mọ́ tọ̀hún. Torí náà, mú nọ́ńbà inú ìwé ọkọ̀, fi wé èyí tí wọ́n tẹ̀ sára bulọ́ọ̀kù. Bí ibi nọ́ńbà bá ń dán bíi pé wọ́n fi fáìlì rin ín, bi olùtajà léèrè ìdí.

Ẹ lè ní níbo ni mo ti mọ gbogbo èyí. Nígbà tí mo parí girama tí mo lọ kọ́ṣẹ́ páàtì, ara iṣẹ́ mi ni láti kó Taiwan sínú páálí ojúlówó tó ti ṣófo. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣe é. Mo mọ ayédèrú torí mo ti tà á rí.

Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà kan wá láti Èkó, ó fẹ́ ra 504 bàbá kan. Tuntun ni bàbá rà á ní 1978, ó fi ná Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní XN1 ni, ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí. Wọ́n ní kí n bá wọn wò ó. Owó tèmi wà níbẹ̀ bí ọjà bá tà. Mo wo nọ́ńbà, kò bá ìwé mu. XM ló wà lára bulọ́ọ̀kù.

Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ẹ́ńjìnnì yìí kọ́ ló bá ọkọ̀ yín wá."

Bàbá kò bú mi. Ó dákẹ́, ó wá ní, "Àbúrò, mo gbé ọkọ̀ yìí sílẹ̀ fún mẹkáníìkì fún oṣù mẹ́ta nígbà tí mo ṣàìsàn. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń sọ pé kò lágbára mọ́. Ìyàwó mi ní èmi ni mi ò lágbára mọ́."

Oníbàárà padà sí Èkó. Àwọn ará ìsọ̀ mi ní mo ba ọjà jẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá mú ìwé àti bírò wá, ó ní kí n kọ gbogbo ohun tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́: bulọ́ọ̀kù, kábúrétọ̀, fáànù. Ìwé yẹn ló fi ta ọkọ̀ náà fún ẹlòmíràn. Iye tó gbà kò tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó rà á kò padà wá bá a jà.

Torí náà, ìwọ tó béèrè: gba ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ olùtajà kó o tó sanwó, kó o ka nọ́ńbà fúnra rẹ. Àwa tó sì ń tajà, páàtì tí kì í bá ṣe ojúlówó, ẹ jẹ́ ká pè é bẹ́ẹ̀. Ó ṣì máa tà.

Ó dàbọ̀ o. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìwé 504 àtijọ́ nílé, kó ya fọ́tò rẹ̀ sí gúrúùpù, ká jọ kà á.