Wọ́n dá a sílẹ̀. Ta ló dá a láre?

1/ Ẹ̀yin tèmi, ìtàn ọkùnrin kan tó kàn fẹ́ wọ bààlúù padà sílé ni mo gbé wá lónìí. Maher Arar lorúkọ rẹ̀. Síríà ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọdún 17 ni nígbà tó dé Kánádà ní 1987. Ibẹ̀ ló ti kàwé di ẹnjiníà, ibẹ̀ ló ti di ọmọ ìlú. Ó níyàwó, ó bímọ méjì. Ẹ fọkàn bá mi lọ, ó gùn díẹ̀.

2/ Oṣù Kẹsàn-án 2002, òun àti ìdílé rẹ̀ ń sinmi ní Tùnísíà, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti wá. Iṣẹ́ pè é, ló bá ṣíwájú wọn padà. Tunis sí Zurich, Zurich sí New York, kó tó wá dé Montreal. Kì í ṣe pé ó fẹ́ wọ Amẹ́ríkà o. Bààlúù lásán ló fẹ́ pààrọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú JFK. Ọjọ́ 26 oṣù náà ni wọ́n dá a dúró níbẹ̀.

3/ Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò ó. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìwé kan hàn án: ìwé àdéhùn ilé tó rẹ́ǹtì ní 1997, tí orúkọ ọkùnrin kan tí wọ́n ń fura sí wà nínú rẹ̀. Ẹ dúró ná. Ìwé ilé ọdún márùn-ún sẹ́yìn, láti Kánádà, báwo ló ṣe dé ọwọ́ àwọn ará New York? Ẹ fi ìbéèrè yẹn sápò, a máa padà síbẹ̀.

4/ Ó tó ọjọ́ 12 tí wọ́n fi tì í mọ́lé. Òṣìṣẹ́ ìjọba Kánádà kan tiẹ̀ lọ wò ó ní àhámọ́ ní Brooklyn, ó sì sọ fún un pé wọ́n fẹ́ gbé òun lọ sí Síríà. Àwọn ará Kánádà ò gbà pé ìyẹn lè ṣẹlẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá, wọ́n fi bààlúù kékeré gbé e lọ sí Jọ́dánì, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wà á wọ Síríà. Ẹni tó ní páspọ́ọ̀tù Kánádà o!

5/ Yàrá tí wọ́n fi í sí ní Damascus, ẹsẹ̀ bàtà 3 ni fífẹ̀ rẹ̀, 6 ni gígùn rẹ̀, 7 ni gíga rẹ̀. Arar fúnra rẹ̀ pè é ní sàréè. Ó lé ní oṣù 10 tó lò nínú rẹ̀. Wọ́n fi wáyà iná tó nípọn nà án títí tó fi gbà pé òun ti lọ gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ ní Afghanistan. Kò débẹ̀ rí.

6/ Ìyàwó rẹ̀, Monia Mazigh, ò jókòó sunkún lásán. Ó kó àwọn ọmọ padà sí Ottawa, ó ń kọ lẹ́tà, ó ń kan ilẹ̀kùn àwọn aṣòfin, ó ń dúró níwájú ilé ìgbìmọ̀ pẹ̀lú àwòrán ọkọ rẹ̀. Àwọn kan ń sá fún un, nítorí ta ló fẹ́ kí wọ́n rí òun pẹ̀lú ìyàwó ẹni tí wọ́n ń pè ní agbésùnmọ̀mí? Kò dákẹ́. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 2003, Síríà fi Arar sílẹ̀ láìka ẹ̀sùn kankan sí i lọ́rùn.

7/ Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ irú ìtàn yìí máa ń parí sí. Ó délé, a dúpẹ́, ó tán. Àmọ́ dídá èèyàn sílẹ̀ yàtọ̀ sí dídá a láre. Ó délé tán, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí kò dárúkọ ara wọn tún ń sọ fún oníròyìn pé ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́. Ara rẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n, orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

8/ Ohun tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń béèrè ni ìwádìí ní gbangba. Oṣù Kìíní 2004, ìjọba gbà. Adájọ́ Dennis O'Connor ló darí rẹ̀, wọ́n sì fún un lágbára láti ka àwọn fáìlì àṣírí. Ọdún méjì àtààbọ̀ ló gbà á.

9/ Ẹ mú ìbéèrè yẹn jáde lápò. Ìdáhùn rẹ̀ rèé: ọlọ́pàá Kánádà, RCMP, ló kó ìwé ilé náà fún Amẹ́ríkà. Oṣù Kẹwàá 2001, Arar pàdé ẹnìkan tí wọ́n ń ṣọ́ ní ilé oúnjẹ kan ní Ottawa. Ìyẹn nìkan ti tó. Wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà pé òun àti ìyàwó rẹ̀ jẹ́ agbawèrèmẹ́sìn tí wọ́n fura sí pé ó ní àjọṣe pẹ̀lú al-Qaeda. Irọ́ gbuu. Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́.

10/ Oṣù Kẹsàn-án 2006, O'Connor kọ ọ́ kedere: kò sí ẹ̀rí kankan pé Arar dẹ́ṣẹ̀ tàbí pé ó jẹ́ ewu fún ààbò Kánádà. Ọ̀gá àgbà RCMP tọrọ àforíjì, kó tó di ìparí ọdún ó ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. Oṣù Kìíní 2007, Olóòtú ìjọba Stephen Harper bẹ Arar àti ẹbí rẹ̀ ní gbangba, wọ́n sì san owó gbà-má-bínú, mílíọ̀nù 10.5 dọ́là Kánádà, lọ́tọ̀ sí owó lọ́yà.

11/ Amẹ́ríkà tó gbé e lọ ńkọ́? Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 2004. Kóòtù àkọ́kọ́ da ẹjọ́ nù ní 2006. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà dà á nù: ní 2009, adájọ́ 7 sí 4 ní ọ̀rọ̀ ààbò ìlú àti ti ilẹ̀ òkèèrè nìyí, àwọn aṣòfin ni kó bójú tó o. Oṣù Kẹfà 2010, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kọ̀ láti gbọ́ ọ. Ẹ kíyè sí i: kóòtù ò sọ pé irọ́ ló ń pa. Wọn ò jẹ́ kó dé ibi tí yóò ti sọ tẹnu rẹ̀ ni.

12/ Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ìparí 2018, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan gbéra ní Kano lọ ṣe Úmúrà. Wọ́n lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ báàgì tí kì í ṣe tirẹ̀, tírámádọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ní Saudi Arabia, irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lè la ikú lọ. Oṣù mẹ́rin ló fi wà ní àhámọ́. Ariwo tí ẹbí, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwa tórí ayélujára pa, ìwádìí NDLEA ní pápákọ̀ Kano, àti ìjọba tó dá sí i, ló gbé e jáde ní April 2019. Inú gbogbo wa dùn. Lọ́jọ́ kejì, a ti kọjú sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

13/ Ohun tí mo rí dì mú nínú ìtàn Arar ni pé ariwo ló mú un délé, àmọ́ ìwé ló dá a láre: ẹnìkan tó lágbára ṣí fáìlì, ó sì kọ ohun tó rí síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni yín, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ dúpẹ́ tó bá dé. Kẹ́ ẹ sì tún béèrè: ta ló kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀? Ta ló fọwọ́ sí i? Níbo ni ìwé náà wà? Ẹ má jẹ́ kí "ó ṣáà ti dé" pa yín lẹ́nu mọ́.