Ohun Tó Ń Bọ́ Ẹ̀rọ Aṣọ́jú-Ọjọ́: Láti Orí Bátìrì Dé Orí Oòrùn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọmọ ènìyàn náà ti ṣe ojú tó ń bá a ṣọ́ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé: ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn òjò, ooru àti afẹ́fẹ́, tó sì ń fi ìròyìn ránṣẹ́ láìlo wáyà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ jẹun kó tó lè ṣọ́ nǹkan. Ìtàn bí wọ́n ṣe wá oúnjẹ fún un ni mo fẹ́ sọ.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ ogun abẹ́ omi àwọn ará Jámánì gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ sí etíkun Labrador, ní ìkọ̀kọ̀. Bátìrì ló ń lò. Ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta ló ń jí, á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á tún sùn, kí agbára má bàa tètè tán. Síbẹ̀, bí oṣù mẹ́fà péré ni bátìrì náà lè gbé e.

Ní ọdún 1954, àwọn onímọ̀ Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà fi sólà tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná mànàmáná han aráyé. Ní oṣù kẹta ọdún 1958, Amẹ́ríkà fi sátẹ́láìtì kékeré kan, Vanguard 1, ránṣẹ́ sí òfurufú. Rédíò méjì ló gbé: ọ̀kan ń lo bátìrì, èkejì ń lo sólà. Kí oṣù kẹfà ọdún náà tó parí, ti bátìrì ti dákẹ́. Ti sólà ń sọ̀rọ̀ títí di ọdún 1964.

Ilẹ̀ Áfíríkà náà ń jẹ àǹfààní yìí lónìí. Àjọ TAHMO ń gbé ẹ̀rọ aṣọ́jú-ọjọ́ kalẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, Nàìjíríà pẹ̀lú. 20,000 ni wọ́n fẹ́ kó tó. Lọ́sàn-án, sólà ń gba agbára pamọ́ sínú bátìrì. Lóru, ẹ̀rọ ń lò ó, ìròyìn sì ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù lọ. Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn wà, kí wọ́n lè rí ẹni bójú tó wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Òfosù gan-an. Kòkó ló ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé níbí, bí òjò bá sì pọ̀ jù, kòkó á máa dúdú, á máa jẹrà lórí igi. Àwọn àgbà wa mọ ọdún tí òjò pọ̀ àti ọdún tó dá, ṣùgbọ́n bí àgbà bá kú, ìtàn òjò náà bá a lọ. Ẹ̀rọ lè bá wa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Àmọ́ bí òjìji igi bá bo sólà, bí eruku ọyẹ́ bá bò ó, tàbí bí olè bá tú u lọ, ẹ̀rọ á dákẹ́ nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn. Oòrùn á bọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa la ó máa nu ojú rẹ̀, àwa la ó sì máa ṣọ́ ọ.