Báwo Ni Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ń Yan Prójẹ́ẹ̀tì Tí Kò Ní Kú? Ìtàn Ètò Fáìlì Mẹ́ta

Ìtàn tòní dá lórí ohun kan tó wà nínú fóònù yín tí ẹ kì í rí. Bí ẹ bá ya fọ́tò, ta ló ń pinnu ibi tí fọ́tò náà máa wà? Ta ló ń rántí orúkọ rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ yà á, àti ibi tó parí sí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀? Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní file system. Àwa á máa pè é ní ètò fáìlì. Ẹ fi wé ìyá ọlọ́jà tó mọ ibi tí gbogbo ẹrù wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ìyá yẹn ò bá sí níbẹ̀, ẹrù ò sọ nù, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa rí i.

Bí ètò fáìlì bá ṣe àṣìṣe, fọ́tò ìgbéyàwó lọ nìyẹn. Síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú ìtàn rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá àkọlé prójẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, ẹ fetí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Finland. Ní 1991, ọmọ ọdún 21 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni ní Yunifásítì Helsinki. Òun ló ń kọ kóòdù tó wá di Linux, èyí tí Àǹdíróìdì dúró lé lórí lónìí. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ ohun tí kò ṣe ló kàn wá: kò dá ètò fáìlì tuntun sílẹ̀. Orí Minix ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Andrew Tanenbaum kọ ní Amsterdam, tó jáde ní 1987, láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Torvalds mú ìlànà ètò fáìlì Minix, ó lò ó bẹ́ẹ̀. Ìyẹn dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, Linux àti Minix sì lè jọ lo dísìkì kan náà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Àmọ́ kíláàsì ni wọ́n ṣe Minix fún. Ètò fáìlì rẹ̀ kò lè ju 64 MB lọ, orúkọ fáìlì kò sì lè ju lẹ́tà 14 lọ. Fídíò kékeré kan lórí fóònù yín lè tóbi ju gbogbo ìyẹn lọ.

Ibẹ̀ ni Rémy Card, tó wà ní yunifásítì ní Paris, ti rí iṣẹ́ tirẹ̀. Àléébù méjì tó ń dí gbogbo èèyàn lọ́wọ́ yẹn ló dojú kọ. Ní oṣù Kẹrin 1992, ètò fáìlì rẹ̀ tó ń jẹ́ ext wọnú Linux. Ààyè dé 2 GB, orúkọ fáìlì dé lẹ́tà 255. Ó yanjú ìṣòro méjèèjì, ó sì mú òmíràn wá: bí wọ́n ṣe ń lò ó pẹ́ tó ni àkọsílẹ̀ ibi tó ṣófo ń dàrú tó, tí fáìlì ń fọ́n káàkiri dísìkì.

Ní oṣù Kìíní 1993, ètò fáìlì méjì jáde láti tún èyí ṣe. Xia, tí Frank Xia kọ, dúró lórí kóòdù Minix, kò sì kó nǹkan púpọ̀ mọ́ra. Èkejì ni ext2, tí Card kọ, tí Theodore Ts'o àti Stephen Tweedie sì bá a ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, Xia ni kì í fún èèyàn ní wàhálà. Ẹni tó bá ta tẹ́tẹ́ lọ́jọ́ náà ì bá fowó lé Xia.

Àmọ́ àwọn tó kọ ext2 ti fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ohun tí wọn ò tíì ronú kàn. Bí èèyàn ṣe ń lò ó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tún un ṣe, tí wọ́n ń fi kún un. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Nígbà tó yá, wọ́n yọ Xia kúrò nínú Linux. Ext2 bí ext3, tó wọnú Linux ní 2001. Ext3 bí ext4, tí wọ́n kéde ní 2008 pé ó ti ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ fóònù Àǹdíróìdì ló ti fi ext4 tọ́jú fọ́tò àwọn èèyàn.

Ìtàn kẹta ni ti akẹ́kọ̀ọ́ gidi tó ní gbèdéke. Ní 2005, Google bẹ̀rẹ̀ Summer of Code: akẹ́kọ̀ọ́ á fi àkókò ìsinmi kọ kóòdù fún iṣẹ́ open source, ìyẹn iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀, kó lò ó, kó sì tún un ṣe. Ẹni tó bá parí lọ́dún yẹn gba $4,500. Julio Merino, ọmọ Sípéènì, yan ètò fáìlì fún NetBSD.

Ètò fáìlì orí dísìkì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún, torí ó gbọ́dọ̀ gba iná tó lọ lójijì mọ́ra. Èyí tó ń gbé inú RAM ni Merino yàn, níbi tí ohun gbogbo ti ń pòórá bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ. Wàhálà àtúnṣe lẹ́yìn iná kúrò lọ́rùn rẹ̀ nìyẹn.

Kì í ṣe pé kò sí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mfs wà níbẹ̀, àmọ́ ìlànà dísìkì tí wọ́n ti ṣe ní Berkeley ní ọdún 1980 síwájú ni wọ́n gbé sínú RAM. Ìlànà yẹn kún fún ọgbọ́n tí orí tó ń ka dísìkì kò fi ní máa rìn jìnnà, RAM ò sì ní orí kankan tó ń rìn. Bí ẹni ṣí agbòjò nínú yàrá ni. Merino kọ tmpfs fún RAM láti ìpìlẹ̀, William Studenmund sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Tmpfs jáde pẹ̀lú NetBSD 4.0 ní 2007. Ní 2008, FreeBSD 7.0 náà jáde pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ "màá dá ètò fáìlì tuntun sílẹ̀" sínú ìwé àbá yín, ẹ wá ibi tí àwọn tó ń lò ó ti ń ráhùn. Ẹ ka oṣù tó kù yín kù. Kí ẹ sì bi ara yín pé, bí ẹ bá gba ìwé ẹ̀rí tán, ta ló máa lè ka kóòdù yìí, kó sì fi tirẹ̀ kún un? Lẹ́tà 14 ni wàhálà Card bẹ̀rẹ̀ sí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tí sùpáfáísọ̀ rẹ̀ ti dá àkọlé padà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i. Ó dìgbà kan ná.