A KÌ Í FÁ ORÍ LẸ́YÌN OLÓRÍ: ÌTÀN IRUN KÚKÚRÚ LÁÀRIN ÀWỌN OBÌNRIN

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ọ̀rọ̀ ìdílé àti ọ̀rọ̀ ìlú ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí yanjú: pé kò yẹ kí a dá ẹjọ́ ẹni tí kò sí ní ìjókòó, tàbí kí a pín ogún nígbà tí ẹni tí ogún tọ́ sí ṣì wà ní àjò. Ṣùgbọ́n bí a bá mú òwe náà bí a ti pa á gan-an, tí a gbé e ka orí àti irun, tí a sì fi wo ìtàn àwọn obìnrin, a ó rí i pé ọ̀pọ̀ orí ni a ti fá lẹ́yìn olórí, bí olórí tilẹ̀ jókòó síbẹ̀ tí ó ń wo abẹ. Irun kúkúrú kì í ṣe ohun tuntun lórí obìnrin. Ẹni tí ó ń pàṣẹ pé kí a gé e ni ó ti ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà, ìyípadà yìí ni ó sì yẹ kí a fi ojú sùnnùkùn wò.

Ní ilẹ̀ Yorùbá ní àtijọ́, irun dídì ni ẹwà obìnrin. Ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, pàtẹ́wọ́, kọjúsọ́kọ̀: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní orúkọ àti ọ̀nà tí a ń gbà dì í. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, tí a kò sì tẹ ìwé náà jáde títí di 1921, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀nà tí a gbà di irun ni a fi ń mọ wúńdíá yàtọ̀ sí abilékọ. Irun obìnrin dà bí ìwé tí gbogbo ará ìlú lè kà. Nítorí náà, bí wọ́n bá pàdé obìnrin tí a ti gé irun rẹ̀ tàbí tí a ti fá orí rẹ̀ kodoro, wọn kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè bóyá nǹkan ṣẹlẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni wọn yóò béèrè.

Ohun mẹ́ta pàtàkì ni ó lè ṣẹlẹ̀. Èkíní ni ọ̀fọ̀. Bí ọkọ bá kú, ní ìlú mìíràn opó a tú irun rẹ̀, kò sì ní í dì í títí ọjọ́ ọ̀fọ̀ yóò fi pé. Ní ìlú mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọn a fá orí rẹ̀. Èkejì ni ìsìn òrìṣà. Ẹni tí a bá ń ṣe òrìṣà fún, a ó fá orí rẹ̀, a ó sín gbẹ́rẹ́ sí àtàrí rẹ̀, a ó sì fi òṣù lé e, ìdí nìyẹn tí a fi ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní adóṣù. Nígbà tí a kó àwọn ọmọ Yorùbá lẹ́rú kọjá òkun, àṣà yìí bá wọn lọ. Títí di òní, ní àwọn ilé òrìṣà ní Bàhíà ní orílẹ̀-èdè Bràsílì, a ṣì ń fá orí ìyàwó òrìṣà, tí wọ́n ń pè ní iaô níbẹ̀; ní Kúbà pẹ̀lú, lẹ́yìn tí a bá ti fá orí ìyàwó, yóò máa wọ aṣọ funfun fún ọdún kan gbáko. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ ọba. Àwọn ìlàrí ààfin Ọ̀yọ́, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, a máa fá ìlàjì orí, wọn a sì fi ìlàjì kejì sílẹ̀, kí ẹni tí ó bá rí wọn lè mọ̀ lójú kan náà pé ẹni ọba ni wọ́n.

Ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba. Irun tí opó pàdánù ń sọ nípa ikú. Ti adóṣù ń sọ nípa àtúnbí. Ti ìlàrí ń sọ nípa agbára ọba. Síbẹ̀, ohun kan so wọ́n pọ̀. Onígbàjámọ̀ kì í bi obìnrin náà pé báwo ni ó ṣe fẹ́ kí òun gé e. Àṣà ìdílé ọkọ, òrìṣà, tàbí ọba ni ó ti fọhùn kí abẹ tó jáde nínú àkọ̀.

Nígbà tí ó yá, aláṣẹ kẹrin dé, ilé-ẹ̀kọ́ ni orúkọ rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí ìjọ CMS dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1869 àti Queen's College tí ìjọba ṣí níbẹ̀ ní 1927 wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà ẹ̀kọ́ gíga fún obìnrin. Bí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ sí i káàkiri, tí àwọn ọmọbìnrin sì ń gbé pọ̀ ní ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, òfin irun di ara òfin ilé-ẹ̀kọ́ ní ibi púpọ̀. Àwọn olùkọ́ ní àwíjàre tí kò ṣe é gbá dànù: iná orí a máa ràn kíákíá níbi tí orí méjìlélógún bá ti ń sùn nínú yàrá kan; irun dídì a máa gba wákàtí tí ó yẹ fún ìwé; ọmọ olówó àti ọmọ tálákà a sì rí bákan náà bí a bá rẹ́ irun gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wọlé pẹ̀lú òfin náà. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin kọ́ ọ pé irun kúkúrú jẹ́ àmì ọmọdé tí a ń tọ́, pé ọjọ́ tí ènìyàn bá jáde ìwé ni ó tó lómìnira láti dá irun sí. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ìyá kan tí òun fúnra rẹ̀ lo ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà pẹ̀lú irun kúkúrú ní ilé-ẹ̀kọ́ lè kígbe bí ọmọ rẹ̀ tí ó ti dàgbà bá dédé gé tirẹ̀.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ ti ń fi òfin gé irun níhìn-ín, òdì kejì ni ọ̀rọ̀ rí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, níbi tí òfin àwùjọ ti kọ irun kúkúrú fún obìnrin. Nígbà tí a ṣe ẹjọ́ Joan of Arc ní ilẹ̀ Faransé ní 1431, irun rẹ̀ tí ó gé bíi ti ọkùnrin wà lára ohun tí a kà sí i lọ́rùn. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, irun gígùn ni wọ́n ń pè ní ògo obìnrin. Lẹ́yìn náà ni Irene Castle, oníjó tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Amẹ́ríkà, gé irun rẹ̀ ní nǹkan bí 1914, tí àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í fara wé e. Ogun Àgbáyé Kìíní, láti 1914 sí 1918, kó ẹgbàágbèje obìnrin wọ ilé-iṣẹ́, níbi tí ẹ̀rọ ti lè gbá irun gígùn mú. Nígbà tí ogun parí, ọ̀pọ̀ wọn kò padà sí ti àtẹ̀yìnwá. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn obìnrin ń tò sí ẹnu ọ̀nà onígbàjámọ̀ àwọn ọkùnrin, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe irun obìnrin kò mọ̀ ju bí a ti ń ká irun gígùn lọ.

Ìjà yìí ná àwọn ẹlòmíràn ní ẹ̀mí. Ní Ṣáínà ní 1927, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú Kuomintang kọjú ìjà sí àwọn kọ́múníìsì tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, a pa àwọn obìnrin kan nítorí pé irun wọn kúrú. Irun náà nìkan ti tó ẹ̀rí lójú àwọn ọmọ ogun pé ọlọ̀tẹ̀ ni wọ́n. Kò sì yẹ kí a rò pé gbogbo ẹni tí ó gé irun ní àkókò náà ni ó gé e tinútinú. Ní 1920, F. Scott Fitzgerald, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, tẹ ìtàn kúkúrú kan jáde nípa ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Bernice. Ó ti ń fi ẹnu lásán sọ pé òun yóò gé irun, kí àwọn ènìyàn lè fẹ́ràn òun. Ẹ̀gàn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó tì í dé orí àga onígbàjámọ̀, nígbà tí a sì gé irun náà tán, kò bá a mu. Ọba kò fá orí Bernice, òrìṣà kò fá a. Ẹgbẹ́ ni ó fá a.

Ti àwọn obìnrin adúláwọ̀ tún yàtọ̀ sí èyí. Fún wọn, ìbéèrè náà kọjá gígùn irun nìkan, ó kan bóyá irun tí ó ká kókó lè jáde sí gbangba láìjẹ́ pé a fi iná tàbí kẹ́míkà nà án. Miriam Makeba, olórin ọmọ Gúúsù Áfíríkà, dé Amẹ́ríkà ní 1959 pẹ̀lú irun orí rẹ̀ ní kúkúrú, bí Ọlọ́run ti dá a. Láti 1963 sí 1964, Cicely Tyson ṣe eré lórí tẹlifíṣọ̀n nínú East Side/West Side pẹ̀lú irun àdánidá tí a rẹ́ mọ́lẹ̀, ohun tí àwọn òǹwòran kò fi bẹ́ẹ̀ rí rí lórí gíláàsì. Kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí, irun àdánidá ti di àmì ìjà fún ẹ̀tọ́. Ní Nàìjíríà, irun Afro gbilẹ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn ọdún 1970, ṣùgbọ́n irun dídì àti irun kíkó kò kú. Láti 1968 ni ayàwòrán J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó kú ní 2014, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà, àwọn àwòrán náà sì tó ẹgbẹ̀rún. Ẹni tí ó bá wò wọ́n yóò rí i pé obìnrin tí ó gé irun ní àkókò náà kò gé e nítorí àìrí ohun ṣe sí i. Ó ní ohun púpọ̀ láti yàn nínú wọn.

Ibi tí ìtàn gbé obìnrin òde òní dé nìyí: ó lè yàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò yàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń yàn. Irun gígùn a máa bo orí. Irun kúkúrú a máa fi í hàn. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ orí wò láti iwájú dé ìpàkọ́, kí a mọ ibi tí ó yọ àti ibi tí ó tẹ́. Bí ojú bá rí róbótó, a lè fi irun díẹ̀ sílẹ̀ ní àtàrí, kí a sì rẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ojú yóò sì dà bí ẹni pé ó gùn sí i. Bí ojú bá gùn, kí a má ṣe kó irun jọ sí òkè; kí a fi díẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀bá etí. Bí iwájú orí bá gbòòrò, irun tí a kò rẹ́ mọ́lẹ̀ jù níwájú yóò dín in kù lójú. Irun tí ó ká a máa sún kì nígbà tí ó bá gbẹ, nítorí náà ẹni tí a bá gé irun rẹ̀ ní tútù lè bá a ní kúkúrú ju bí ó ti fẹ́ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa gé e, nítorí pé a lè padà gé èyí tí ó kù, a kò lè so èyí tí a ti gé.

Ìtọ́jú pẹ̀lú jẹ́ ara yíyàn. Irun orí a máa gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ lóṣù, ìyẹn ni pé irun tí a rẹ́ mọ́lẹ̀ yóò ti sọ ìrísí rẹ̀ nù láàrin ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ẹni tí kò ní àkókò tàbí owó láti máa padà lọ ṣáá, kí ó yan èyí tí ó gùn díẹ̀ sí i. Kí a máa fọ orí déédéé, kí a fi òrí tàbí àdín àgbọn pa á níwọ̀nba, kí a sì wé aṣọ tí ń yọ̀ sí i bí a bá fẹ́ sùn. Ẹni tí irun iwájú orí rẹ̀ ti ń já nítorí irun tí a dì le jù yóò rí ìsinmi nínú irun kúkúrú. Ṣùgbọ́n abẹ tí a fi fá ìpàkọ́ jù lè mú kí kókó sú síbẹ̀, kílípà tí a kò fọ̀ a máa gbé làpálàpá láti orí kan dé òmíràn, abẹ tí ó ti kan ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sì léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹni tí yóò jókòó ní kí wọ́n fi ohun èlò han òun kí wọ́n tó fi kan òun lórí.

Òfin pẹ̀lú ti ń sọ̀rọ̀. Ní 2001, Ìpínlẹ̀ Ẹnúgu ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ipá fá irun opó. Ní 2015, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe òfin tí ó de ìwà ipá sí ènìyàn, ó sì ka àṣà opó tí ó ń pa ènìyàn lára mọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Opó tí ó bá fẹ́ fá orí láti fi ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ kò rú òfin kankan. Ẹni tí ó fẹ́ fá a fún un tipátipá ni òfin ń bá wí.

Òwe àwọn àgbà kò sọ pé kí a má fá orí. Ó ní kí a má fá a lẹ́yìn olórí. Àmọ́ opó jókòó síbẹ̀ nígbà tí a fá tirẹ̀, Bernice inú ìtàn náà jókòó síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú a sì máa jókòó síbẹ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ jíròrò rẹ̀ bóyá ìjókòó nìkan tó láti sọ pé olórí wà níbẹ̀, àti bí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní ìdí rere fún òfin irun rẹ̀ ṣe lè ṣàlàyé ìdí náà fún ọmọ tí ó ni orí, kí wọ́n tó mú abẹ.