Ìsinmi ìdílé: láti Òsì dé Ifẹ̀

Ẹ̀yin tọkọtaya tó ń wá ibi tí ẹ ó kó ọmọ lọ nígbà ìsinmi, àwa ní kí ẹ tọ ipasẹ̀ àwọn agbẹ́gilére. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Òsì, ní Kwara, ìlú Aréògún tó kú ní 1954. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ti wọ mùsíọ́mù òkè òkun. Ọmọ yóò bi yín pé kí ló dé tí wọn ò sí nílé. Ẹ jẹ́ kó bi yín. Ẹ ya Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Kevin Carroll, fadá ìjọ Àgùdà, ti dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947. Bándélé, ọmọ Aréògún, ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ sì ti kọ́ṣẹ́. Ère Odùduwà tí Làmídì gbẹ́ ní 1987 wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ifẹ̀.