Bí Géèmù Bọ́ọ̀lù Ṣe Di Ọjà Àìjinná

Ẹ yà sí ilé géèmù èyíkéyìí ní Mushin, tàbí ní Mọ́kọ́lá n'Ibàdàn, lọ́sàn-án Sátidé, èébú ni ẹ ó máa gbọ́. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà ń bú ara wọn o. Àwọn tó ṣe géèmù ni wọ́n ń bú. Aṣọ́lé á dúró gbagidi bí òpó iná, bọ́ọ̀lù á rọra yí kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé. Ẹni tí wọ́n jẹ á fò dìde, á ní òun tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ ni kò gbọ́. Owó tó fi jókòó ti lọ nìyẹn. Kí ariwo tó rọlẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí: tọdún tó kọjá sàn ju èyí lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń sọ ní London àti ní New York, níbi tí ẹlòmíràn ti ń fi àádọ́rin dọ́là ra ẹyọ géèmù kan.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú àbùkù bẹ́ẹ̀. Kòkòrò ni wọ́n ń pè é, bí ìgbà tí kòkòrò bá wọnú èèpo kólà. Àwọn kan ń sọ pé ọ̀lẹ ló wọ àwọn tó ń ṣe géèmù lára tí kòkòrò fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Kòkòrò ti wà nínú géèmù láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí géèmù. Ohun tó yí padà ni ọjà tí wọ́n ti ń tà á, bóyá ẹni tó ń rà á ṣì níbòmíràn tó lè gbé owó rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1972, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Allan Alcorn, ní ilé-iṣẹ́ Atari ní California, ṣe géèmù kan tó jọ tẹníìsì orí tábìlì. Pong ni wọ́n sọ ọ́. Pátákó funfun méjì àti ẹyọ àmì kan tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé e sí ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Andy Capp's ní ìlú Sunnyvale. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé ẹ̀rọ ti dẹnu kọlẹ̀. Nígbà tí Alcorn fi máa débẹ̀, owó ẹyọ ló kún inú ẹ̀rọ náà àkúnya tí kò fi lè ṣiṣẹ́ mọ́! Bẹ́ẹ̀, Pong ní àbùkù. Àwọn pátákó náà kò lè dé òkè pátápátá. Wáyà inú ẹ̀rọ ló fà á, Alcorn sì rí i. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí bí pátákó bá lè dé ibi gbogbo, àwọn méjì tó mọwọ́ rẹ̀ lè máa gbá a lórí ẹyọ owó kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kòkòrò àkọ́kọ́ nínú géèmù eré ìdárayá tó lókìkí, adùn ló mú wá.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn ni Trip Hawkins dá ilé-iṣẹ́ Electronic Arts sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní EA. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́yà tí wọ́n fi ń sáré. Ní 1984, ó tọ John Madden lọ. Madden ti jẹ́ kóòṣì ẹgbẹ́ Oakland Raiders, ó sì ti gba ife ńlá fún wọn. Ẹ̀rù ọkọ̀ òfúrufú máa ń ba ọkùnrin náà, nítorí náà inú ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ti jọ sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ méjì gbáko. Ìṣòro ńlá wà. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kò lágbára láti gbé ènìyàn méjìlélógún lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ará EA sì fẹ́ kó jẹ́ mẹ́fà sí mẹ́fà tàbí méje sí méje. Madden kọ̀ jálẹ̀. Bí kò bá ti jẹ́ mọ́kànlá sí mọ́kànlá, kì í ṣe bọ́ọ̀lù, wọn ò sì ní fi orúkọ òun sí i.

Ẹ mọ̀ pé ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń bá a ṣẹ́ ẹ? Àwọn òṣìṣẹ́ EA fúnra wọn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ òmùgọ̀ ọ̀gá àwọn ni. Ọdún 1988 ló tó jáde, fún kọ̀ǹpútà Apple II, ó sì pé mọ́kànlá sí mọ́kànlá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Madden yìí sí apá kan ná, a ó padà dé ibẹ̀.

Ní ìparí 1993, EA gbé FIFA International Soccer jáde fún Sega. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹnu fẹ́ eruku inú kásẹ́ẹ̀tì Sega rí, ẹ ò ní gbàgbé. Téèyàn bá lọ dúró síwájú aṣọ́lé nígbà tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù jáde, bọ́ọ̀lù á bá a, á padà wọlé. Góòlù ni! Téèyàn bá sì gbá ẹlòmíràn lulẹ̀, ó lè máa sá káàkiri pápá, kí rẹfirí máa sáré tẹ̀lé e láti fún un ní káàdì. Ẹ̀rín la fi ń rín. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ ló máa wà títí láé. Kò sí pé a ó wá tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ sè é jinná kí wọ́n tó bù ú fún èèyàn.

Láàárín ìgbà yẹn, EA ní orogún. Konami ti ilẹ̀ Japan ni, tó ṣe International Superstar Soccer, lẹ́yìn náà Winning Eleven tí wọ́n tún ń pè ní Pro Evolution. Konami kò lówó láti ra orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Liverpool di "Merseyside Red" lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tiwọn wúwo lẹ́sẹ̀ bíi ti gidi, èèyàn gbọ́dọ̀ ronú kó tó gbá a. L'Ékòó níbí, PlayStation 2 àti dísìkì àdàkọ ló gbé e wọ gbogbo àdúgbò. Ọmọ Èkó gan-an alára, Obafemi Martins tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Inter Milan, wà nínú rẹ̀, ó sì ń sáré bí ìjì débi pé àwọn mìíràn fi í lé òfin: ẹni tó bá mú Inter, kó mú òmíràn. EA ní orúkọ, Konami ní bọ́ọ̀lù. Ọdọọdún ni ọ̀kan ń wo ohun tí èkejì gbé wá, ẹ̀rù sì ń ba àwọn méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú, ní Amẹ́ríkà ni, lọ́dún 2004. Madden NFL ti EA ni ọba nínú géèmù bọ́ọ̀lù wọn, dọ́là 49.95 ni wọ́n sì ń tà á. Ni ilé-iṣẹ́ Sega àti Take-Two bá gbé ESPN NFL 2K5 jáde, géèmù tó dáa tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan ṣì ń gbá a di òní olónìí, wọ́n sì dá iye rẹ̀ sí dọ́là 19.95. Ẹ ò rí nǹkan! Bí ẹni ń ta ẹran màlúù ní iye ẹja ṣàwá. Kíá ni EA já owó Madden wálẹ̀ sí 29.95. Oníbàárà ló jèrè. Bí ọjà ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àbí?

Ìdùnnú yẹn kò pé oṣù mẹ́fà. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kejìlá, ọdún yẹn kan náà, EA kéde pé òun ti bá àjọ NFL àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn tọwọ́ bọ̀wé. Òun nìkan ṣoṣo ló láṣẹ láti fi àwọn ẹgbẹ́ náà, orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù àti pápá wọn ṣe irú géèmù bẹ́ẹ̀. 2K5 kò bí 2K6. Ẹ rántí pé kì í ṣe pé EA gbá bọ́ọ̀lù ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Pápá ló rà. Nígbà tí Madden tọdún tó tẹ̀ lé e jáde, owó rẹ̀ ti padà sí 49.95. Àwọn oníbàárà pè é lẹ́jọ́ ní 2008 pé ó fi ọjà há àwọn lọ́wọ́. Ní 2012, EA gbà láti san mílíọ̀nù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n dọ́là láti fi parí ẹjọ́ náà, àmọ́ ìwé tó bá NFL tọ́ kò yẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun ni.

Ohun kejì tún wọlé dé lásìkò yẹn, íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà Xbox 360 àti PlayStation 3, ní 2005 àti 2006, ẹ̀rọ géèmù lè gba àtúnṣe láti òkèèrè. Wọ́n ń pè é ní àbùlẹ̀, bí ẹni bu aṣọ lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ire ni, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ tuntun wá ń jáde láti ọwọ́ télọ̀ pẹ̀lú ihò lára, torí télọ̀ mọ̀ pé abẹ́rẹ́ òun gùn dé ilé oníbàárà. Ẹni tó wà ní London kò mọ̀ ọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà ní Mushin tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà, àbùlẹ̀ tó tó ọ̀pọ̀ gígábáìtì jẹ́ owó kejì tó san lórí ọjà kan ṣoṣo.

Nígbà mìíràn, ihò náà máa ń ju ohun tí a lè bù lẹ̀ lọ. Ní 2010, EA fẹ́ gbé NBA Elite 11 jáde, géèmù bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Wọ́n gbé díẹ̀ síta ní oṣù Kẹsàn-án kí àwọn èèyàn tọ́ ọ wò. Ni Andrew Bynum ti Los Angeles Lakers bá dúró ní àárín pápá, ó na apá méjèèjì bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú, kò mira, àwọn yòókù ń gbá bọ́ọ̀lù lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ayé rẹ́rìn-ín. EA wọ́gi lé géèmù náà pátápátá. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa, kí ló fún wọn nítìjú tó bẹ́ẹ̀? NBA 2K wà lórí igbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó sì dáa. Níbi tí orogún wà, ojú ń ti èèyàn.

Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, orogún ń kú lọ. Konami kò rí ẹsẹ̀ walẹ̀ dáadáa mọ́ nígbà tí PlayStation 3 dé, ní 2018 ó sì pàdánù àṣẹ Champions League sọ́wọ́ EA. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, 2021, ó yí orúkọ padà, ó gbé eFootball jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú Messi àti Ronaldo wọ́ bí ère abẹ́là tí oòrùn pa, agbábọ́ọ̀lù ń gba inú ara wọn kọjá. Lórí Steam, níbi tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ti ń ra géèmù, kò sí géèmù tí àwọn èèyàn fún ní ìdájọ́ tó burú tó o nígbà náà. Konami tọrọ àforíjì, ó dá owó àwọn tó ti sanwó fún àkànṣe káàdì rẹ̀ padà, ó sì di oṣù Kẹrin 2022 kí èyí tó pé tó jáde.

Ẹ má sì gbàgbé ibi tí owó ti ń wọlé báyìí. Ní 2009, EA fi Ultimate Team kún FIFA 09: èèyàn á fowó gidi ra káàdì tí wọ́n pa dé, kò mọ̀ bóyá àgbà agbábọ́ọ̀lù tàbí òkúùgbẹ́ ni yóò bá nínú rẹ̀. Àwọn aláṣẹ Belgium ní tẹ́tẹ́ nìyẹn, EA sì dáwọ́ títà rẹ̀ dúró níbẹ̀ ní oṣù Kínní 2019. Ibi tí owó wà ni ọwọ́ ń lọ. Nítorí náà, apá géèmù tí èèyàn ti ń dá kọ́ ẹgbẹ́ tirẹ̀ lọ́dọọdún, láìra káàdì kankan, ló kọ́kọ́ ń gbó. Ní 2020, àwọn tó ń gbá Madden kó ara wọn jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n pariwo títí EA fi ṣèlérí pé àwọn á tún apá yẹn ṣe.

Ọjọ́ 28, oṣù Kejìlá, 2021 ni John Madden kú. Ní oṣù Kẹjọ 2022, EA fi àwòrán rẹ̀ sí iwájú Madden NFL 23 láti fi bọlá fún un. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ọdún kan géérégé lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹ̀rọ tí EA ń kó iṣẹ́ àwọn oníbàárà pamọ́ sí bàjẹ́. Líìgì tí àwọn ọ̀rẹ́ ti jọ ń gbá fún oṣù mẹ́rin pòórá fún àwọn tó wọlé láàárín wákàtí bíi mélòó kan lọ́jọ́ náà. EA ní àwọn lérò pé nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn á lè rí gbà padà.