Ìpín Ẹ́ńjìnnì: Bí Ẹ̀rọ Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Ṣe Dé Etí Òkun Ìjẹ̀bú, àti Ìdí Tó Fi Ṣòro Láti Pààrọ̀ Rẹ̀ Lónìí

Kí a tó gbéra, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan: ẹja ṣáwá yíyan tí màmá rà lọ́jà, tí ẹ fi jẹ ẹ̀bà lánàá, kí ló gbé e jáde láti inú òkun? Ẹ ó ní apẹja ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ apẹja yẹn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì náà dàgbà ju ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi lọ.

Ìtàn ẹ́ńjìnnì yẹn la fẹ́ sọ lónìí. Ìtàn irin àti epo ni, ṣùgbọ́n ìtàn owó ló jù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí a wà. Tí ẹ bá ń gbé Àgọ́-Ìwòyè, nítòsí Yunifásítì Olabisi Onabanjo, tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó níbi tí ariwo ẹ̀rọ ìlagi kì í ti í dákẹ́, ó lè dà bíi pé òkun jìnnà sí yín gan-an. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Ògùn ní etí òkun tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Abigi, ló nà lọ bá omi. Ìwópín wà níbẹ̀ létí ọ̀sà. Òde-Omi àti Mákùn-Omi wà lápá òkun. Ìjẹ̀bú ń gbé ibẹ̀, Ìlàjẹ ń gbé ibẹ̀, Ìjọ̀ náà ń gbé ibẹ̀, omi ló sì pa gbogbo wọn pọ̀.

Nígbà tí apá ènìyàn jẹ́ ẹ́ńjìnnì

Kí ẹ̀rọ tó dé, nǹkan mẹ́ta ló ń gbé ọkọ̀: àjẹ̀, ọ̀pá àti ìgbòkun. Nínú ọ̀sà tí omi kò jìn, wọ́n á fi ọ̀pá gún ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, ọkọ̀ á sì máa lọ. Níbi tí omi bá ti jìn, àjẹ̀ ni. Tí afẹ́fẹ́ bá dára, wọ́n á ta aṣọ.

Ẹ má ṣe rò pé omi yìí kò já mọ́ nǹkan nígbà náà. Ojú ọ̀sà ni títì márosẹ̀ àwọn Ìjẹ̀bú. Ọjà Èjìnrìn, tó wà létí ọ̀sà, wà lára ibi tí ọjà Ìjẹ̀bú àti ọjà Èkó ti ń pàdé. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ bá Ìjẹ̀bú jagun ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, ojú omi ni wọ́n gbà láti Èkó dé Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó gòkè lọ sí ogun Ìmágbọ̀n. Ọkọ̀ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ti wà lórí ọ̀sà láyé ìgbà náà, ṣùgbọ́n ti ìjọba àti ti àwọn oníṣòwò ńlá ni. Apẹja kò ní in.

Ní ti òkun gangan, apá ọkùnrin ló máa ń pinnu ibi tí ọkọ̀ lè dé. Ẹ ní láti la ìgbì tó ń fọ́ sí etíkun kọjá kí ẹ tó ju àwọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ ní láti padà pẹ̀lú ẹja, nígbà tí apá ti rẹ̀. Ibi tí agbára yín bá mọ, ibẹ̀ ni òkun yín mọ.

Yìnyín dídùn tó yọ́ ní Wisconsin

Ẹ jẹ́ kí a fò dé Amẹ́ríkà díẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ole Evinrude. Wọ́n bí i ní Norway ní ọdún 1877, àwọn òbí rẹ̀ sì kó o lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tó wà ní kékeré. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé òun àti Bess, ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya, lọ ṣe fàájì létí adágún omi kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Bess ní áísìkirímù ń wu òun jẹ. Ole wa ọkọ̀ kọjá lọ rà á, ṣùgbọ́n kó tó wakọ̀ padà, áísìkirímù ti yọ́. Wọ́n ní ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ẹ́ńjìnnì tí ènìyàn lè gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀.

Òun kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Cameron Waterman ti ń ta tirẹ̀ ṣáájú. Àmọ́ ti Evinrude, tó bọ́ sọ́jà ní 1909, ló gbajúmọ̀ jù. Ohun tó mú kó yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ ni pé kò pọn dandan kí wọ́n tún ọkọ̀ kàn nítorí rẹ̀. Gbé e kọ́, dè é, fà á, ó di kí ọkọ̀ gbéra. Tó bá bàjẹ́, tú u, gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ìdí nìyẹn tó fi bá ọkọ̀ onígi wa mu nígbà tó dé.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Láàárín ọdún 1950 sí 1970 ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ tàn ká etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Senegal dé Gánà dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé iṣẹ́ Yamaha ní Japan ṣe ti wọn àkọ́kọ́ ní 1960. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì wọn tí wọ́n ń pè ní Enduro, pàápàá èyí tó ní agbára ẹṣin 40, wọ etíkun Áfíríkà dáadáa. Kò ní kọ̀ǹpútà nínú. Kábúrétọ̀ ni, púlọ́ọ̀gì ni, okùn tí a ń fà ni. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì lè tú u sílẹ̀ létí omi kó sì tún un tò.

Ẹ́ńjìnnì náà ń gba ìpín

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí o. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kì í ṣe owó oṣù ni apẹja ń gbà. Ìpín ni wọ́n ń pín. Wọ́n á ta ẹja, wọ́n á yọ owó epo àti owó oúnjẹ kúrò, wọ́n á sì pín èyí tó kù. Ọ̀gá ọkọ̀ ní ìpín. Àwọn tó ń fa àwọ̀n ní ìpín. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ní ìpín, àwọ̀n ní ìpín, ẹ́ńjìnnì náà sì ní ìpín tirẹ̀, bí ẹni pé ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ ni.

Kí ni wọ́n ń fi ìpín ẹ́ńjìnnì ṣe? Ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì ló ń gbà á. Nínú rẹ̀ ló ti máa ra púlọ́ọ̀gì, tó ti máa san owó mẹkáníìkì. Nínú rẹ̀ kan náà ló ti yẹ kó máa tọ́jú owó pamọ́, kí òmíràn lè rọ́pò ẹ́ńjìnnì náà ní ọjọ́ tó bá kú. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù.

Ẹ má ṣe rò pé ọkùnrin nìkan ló ni ẹ́ńjìnnì. Lẹ́bàá omi wa, àwọn obìnrin tó ń yan ẹja tí wọ́n sì ń tà á ló sábà máa ń ní owó lọ́wọ́. Ìyá ẹlẹ́ja á yá apẹja lówó ẹ́ńjìnnì, apẹja náà á sì máa gbé ẹja fún un títí gbèsè á fi tán. Nítorí náà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú omi, kì í ṣe apẹja nìkan ló jẹ gbèsè. Ẹni tó wà nídìí ààrò ẹja náà ti wọ̀ ọ́.

Àwọn kan gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1947, àwọn ọmọ ìjọ kan láàárín àwọn Ìlàjẹ dá ìlú Ayétòrò sílẹ̀ létí òkun, ní ibi tó ti di ìpínlẹ̀ Òǹdó báyìí, kò sì jìnnà sí Ogun Waterside. Àpò kan ni gbogbo ìlú ń ná. Kò sí ẹni tó ń dá ní ọkọ̀ tàbí àwọ̀n; ti gbogbo wọn ni. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ní àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tiwọn. Bí ẹ̀rọ kan bá bàjẹ́ nínú irú ètò yìí, àpò gbogbo ìlú ló ń gbé e, kì í ṣe ọrùn ẹnì kan. Nígbà tó yá, ètò àpò kan yẹn tú, òkun sì ti ń jẹ ilẹ̀ ìlú náà lọ báyìí. Síbẹ̀ wọ́n fi hàn wá pé ẹ́ńjìnnì lè jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Kí ló ń pa ẹ́ńjìnnì?

Iyọ̀ ni àkọ́kọ́. Omi ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ fi ń tu ara rẹ̀ lára: ó ń fa omi wọlé láti ìsàlẹ̀, ó sì ń tú u jáde. Tó bá jẹ́ omi òkun, iyọ̀ á dì sínú ihò rẹ̀. Bí wọn kò bá fi omi tí kò níyọ̀ fọ inú rẹ̀, ihò á dí, irin á gbóná, á sì jó.

Èkejì ni epo. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yìí kò ní ibi tí a ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀. Inú epo bẹntiróòlù ni a ti ń pò ó. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni lítà epo 50 sí lítà ọ́ìlì 1. Bí ọ̀gá ọkọ̀ bá ń ṣún ọ́ìlì ná nítorí pé ó wọ́n, ẹ́ńjìnnì ló máa san gbèsè yẹn.

Ẹ̀kẹta wá láti ìta. Ní 1984, ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò kan tó ń léfòó wọ orílẹ̀-èdè wa láti ìhà Benin, ó gba omi Badagry wọlé. Láti ibẹ̀ ló ti bo ọ̀sà Èkó, tó sì tàn dé Ẹ̀pẹ́ àti omi Ògùn àti Òǹdó. Ó ń wé mọ́ abẹ ẹ́ńjìnnì, ó sì ń dí ihò tó fi ń fa omi. Ní ayé àjẹ̀, ọwọ́ lẹ ó fi tì í sápá kan. Ẹ́ńjìnnì kò ní ọwọ́.

Lójú òkun wá ńkọ́? Ìṣàn omi tó wà létíkun wa ń gbé nǹkan lọ sápá ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lójú òkun Ògùn kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Omi á máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà apẹja kì í fi í ju àjẹ̀ sílẹ̀ nílé, bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì wọn tuntun tó.

Ọjọ́ tí owó tí a fi pamọ́ kò tó mọ́

Ó dáa, ẹ́ńjìnnì ti gbó. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tí ìtàn wa ti yí padà nìyí.

Ní ọdún 1980, dọ́là kan kò tó náírà kan. Ní oṣù Kẹsàn-án 1986, ìjọba jẹ́ kí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iye tí dọ́là jẹ́. Kí ọdún yẹn tó parí, dọ́là ti ju náírà mẹ́ta lọ. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì mọ̀ pé òkè òkun ni ọmọ ilé wọn yìí ti wá, dọ́là ló sì ń jẹ. Láti ìgbà náà ni tòkunbọ̀ ti di ọ̀nà àbáyọ fún ọ̀pọ̀.

Èyí tó le jù ṣẹlẹ̀ lójú ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ṣe é. Ká ní ẹ́ńjìnnì kan jẹ́ dọ́là 2,000. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí iye ìjọba jẹ́ nǹkan bíi ₦460 sí dọ́là kan, ₦920,000 nìyẹn. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, wọ́n tú náírà sílẹ̀. Nígbà tí dọ́là di ₦1,500, ẹ́ńjìnnì kan náà ti di mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Ẹja kò pọ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́ta. Apẹja tó ti ń tọ́jú ìpín ẹ́ńjìnnì pamọ́ bó ṣe yẹ kò ṣe àṣìṣe kankan, síbẹ̀ owó rẹ̀ ti di ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó fẹ́ rà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyẹn: ìpín ẹ́ńjìnnì jẹ́ ọgbọ́n tó dára, ṣùgbọ́n náírà ni wọ́n fi ń pín in.

Tuntun wo, àtijọ́ wo?

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Ẹ́ńjìnnì alápòpọ̀ epo tí a mọ̀ ń tán lọ láyé. Irú rẹ̀ tó ń lo kábúrétọ̀ máa ń da epo tí kò tíì jó padà sínú omi, nígbà mìíràn ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin epo tó mu. Ní 1996, Amẹ́ríkà ṣe òfin èéfín fún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, Yúróòpù náà tẹ̀ lé e. Àwọn ilé iṣẹ́ bá yíjú sí èyí tó ní ibi ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí kò mu epo púpọ̀. Ní 2020, àwọn tó ni Evinrude náà kéde pé àwọn kò ní ṣe é mọ́.

Láyé àtijọ́, apẹja wa lè ní, "Epo kò wọ́n, ẹ fi Enduro mi sílẹ̀." Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí ààrẹ tuntun kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, lítà epo tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦480. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti dé nǹkan bí ₦1,000. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ń jẹ owó lójoojúmọ́, tuntun sì ń gba owó lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ní owó lọ́wọ́ á ra èyí tí kò mu epo, á sì jèrè. Ẹni tí kò ní á máa tún ti àtijọ́ ṣe, á sì máa san jù ú lọ. Tuntun náà tún wúwo, wáyà àti kọ̀ǹpútà sì wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì etí omi ló lè tú u.

Ó wá kan àwa tí a wà lókè. Òfin ilẹ̀ wa ya máìlì òkun 5 àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ fún àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré. Ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ apẹja wa wà. Tí ẹ́ńjìnnì wọn bá kú láìsí èyí tó máa rọ́pò rẹ̀, Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó kò ní jẹ iyán láìsí ẹja. Ẹja inú yìnyín láti òkè òkun ni a ó máa jẹ, dọ́là la ó sì máa fi rà á.

Tí ẹ bá dé etí omi lọ́jọ́ kan, ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ bi ẹni tó ni ín léèrè ọdún tó ra ẹ́ńjìnnì yẹn àti iye tó rà á, kí ẹ sì fi ìdáhùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa.